Mo fa báàgì mi mọ́ra nígbà tí obìnrin Fúlàní jókòó tì mí

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Ìyá Àdúrà.

Ẹ kọ̀wé láti Ọ̀mù-Àrán pé obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà ti ń wá sí ìjọ yín, pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ó jókòó tì yín, ọwọ́ yín sì ti fa báàgì mọ́ra kí ẹ tó mọ̀. Ẹ ní ojú ń tì yín, torí ẹ̀yin lẹ̀ ń darí àdúrà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ta ló mọ ẹni tó rán an wá?"

Ẹ̀rù yẹn nídìí. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, ta lọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ nínú ìsìn lápá ibí yìí? Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìbọn kọ́ ló gbé igbá wàrà. Ìbẹ̀rù máa ń yára ju ìrònú lọ ni. Ìdí nìyẹn tí "Olúwa, mú ẹ̀tanú kúrò lọ́kàn mi" nìkan kì í fi í tó: ẹ gbà á láàárọ̀, ọwọ́ tún fa báàgì lọ́sàn-án.

Bí ẹ bá ti rí i pé èjìká yín le, ẹ má tíì gbé ọwọ́. Ẹ mí sínú kí ẹ ka 4, ẹ mí síta kí ẹ ka 6, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti ìta ló gbọ́dọ̀ gùn jù, òun ló ń mú àyà rọlẹ̀. Ẹ má dijú o! Ẹ sọ nínú ara yín pé, "Ìfura ló dé yìí," kí ẹ wá ka ohun mẹ́ta tí ojú yín rí lára rẹ̀ gan-an: ìborùn búlúù, ọmọ tó sùn lẹ́yìn rẹ̀, Bíbélì tó ń ṣí kiri. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 5 kọ́ ọ nílé kí ẹ tó gbàdúrà òwúrọ̀. Ìtìjú ló máa ń bà á jẹ́: ẹni tó bá ń bú ara rẹ̀ nítorí ìfura, obìnrin náà ni yóò máa sá fún níkẹyìn.

Ní ti ààbò, bí ẹ bá fẹ́ máa yẹ báàgì wò lẹ́nu géètì, ẹ yẹ ti gbogbo èèyàn wò, títí kan ti pásítọ̀. Bí ẹ bá yẹ tirẹ̀ nìkan wò, ẹni ibi á kàn rán ẹni tó jọ yín.

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ àwọn olófòófó gun pẹpẹ. Kálukú á rò pé ẹlòmíràn lẹ̀ ń bá wí. Ẹ pe ẹni tó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ bi í pé, "Kí lẹ rí tó ṣe?" Kí ẹ wá dákẹ́. Bí ó bá rí nǹkan, kó lọ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ géètì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe obìnrin náà síwájú kó wá jẹ́rìí. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ kó o sí wàhálà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ má sì fi Haúsá jágajàga kí i, Fúlàní ni. Ẹ bi í lórúkọ, kí ẹ sì máa fi pè é. "Ìyá Fúlàní" yẹn ti tó. Bí ó bá tún jókòó tì yín, ẹ bá a ṣí ibi tí wọ́n ń kà.