Nárdì inú Bíbélì kì í ṣe láfẹ́ńdà

Ìbéèrè: Kí ni nárdì tí Màríà fi kun ẹsẹ̀ Jésù gan-an? Wọ́n ní láfẹ́ńdà ni.

Ta ló tún sọ bẹ́ẹ̀? Òdòdó láfẹ́ńdà là ń lò. Nárdì, ohun abẹ́ ilẹ̀ ni, láti òkè Himalaya, ní Nepal, Bhutan àti àríwá Íńdíà, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó mítà 3,000 sókè. Ẹ wo ọ̀nà tó rìn kó tó dé Bẹ́tánì! Abájọ tí Júdásì fi dá iye lé e ní 300 owó idẹ, nígbà tó jẹ́ pé owó idẹ kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́. A ń ka ẹsẹ yìí lọ́dọọdún, a kì í bèèrè.

Orúkọ rẹ̀ ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ló tú gbogbo rẹ̀ fó: jatamansi. Jata ni irun tó ta kókó, irú èyí tó wà lórí àwọn sadhu, àwọn ẹni mímọ́ ẹ̀sìn Híńdù. Ẹ mú èyí tó gbẹ lọ́wọ́: kò ju ìka lọ, fọ́nrán pupa rúsúrúsú sì bò ó, irun Dàda gẹ́lẹ́. Ìdí ewé àtijọ́ ló ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀. Òórùn rẹ̀ wúwo bí ilẹ̀ tútù. Gbòǹgbò Selinum, ewéko mìíràn, ni àwọn ọlọ́jà máa ń fi lú u.

Àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, ń lò ó fún àìróorunsùn, ọkàn tí kò balẹ̀ àti wárápá. Lúbúlúbú rẹ̀, gíráàmù 2 sí 3 lóòjọ́. Àlòjù a máa fa èébì àti inú rírun. Bí ẹ bá fẹ́ mu omi rẹ̀, ẹ má sè é, ooru tó ń rú jáde ni yóò gbé agbára rẹ̀ lọ. Omi gbígbóná ni kí ẹ dà lé e, kí ẹ dé e, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn oorun, ẹ yàgò fún un.

Òróró irun ló gba ọgbọ́n. Ìwọ̀n 1 gbòǹgbò tí a lọ̀ kúnná, ìwọ̀n 4 òróró yànmọtí, ìwọ̀n 16 omi, lórí iná jẹ́jẹ́ títí omi yóò fi gbẹ. Ẹ bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, ẹ lọ́ ọ bí òwú àtùpà, ẹ fi kan iná. Tó bá ń ta pàràpàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, òróró náà yóò bàjẹ́. Tó bá jó láìta, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti dúdú tó le koko, ó ti jóná, ẹ dà á nù.

Láti 1997 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko igbó, ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, torí pé fífà ni wọ́n ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.