Ṣé orúkọ Mùsùlùmí ni Malcolm?

Ẹnìkan ló béèrè, ìdí rẹ̀ sì yé mi: Malcolm X, Mùsùlùmí tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n rárá o. Orúkọ onígbàgbọ́ ni, láti inú èdè Gaelic tí wọ́n ń sọ ní Írẹ́lándì àti Skọ́tlándì. Máel Coluim ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́.

Coluim yẹn ni Columba mímọ́, ọmọ ìdílé ọba láti Donegal, ní àríwá Írẹ́lándì. Ní 563 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Iona ní Skọ́tlándì, ó dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 597.

Inú Máel gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fárí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn mọ́ńkì Gaelic kì í fá àárín orí bíi ti Róòmù. Iwájú ni wọ́n ń fá, láti etí kan dé èkejì. Ẹ má fojú kéré irun yìí o, ó di àríyànjiyàn nínú ìjọ. Ìpàdé ìjọ tí wọ́n ṣe ní Whitby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 664 dá Róòmù láre lórí ọjọ́ ọdún Àjíǹde, síbẹ̀ ó lé ní àádọ́ta ọdún kí Iona tó gbà láti yí ọjọ́ àti irun padà. Ẹni tó bá mọ adóṣù Ṣàngó á tètè lóye: orí tí wọ́n fá ló ń sọ ẹni tí èèyàn ń sìn. Máel Coluim, ẹni tó fárí nítorí Columba. Kò di dandan kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ jẹ́ mọ́ńkì. Jagunjagun ń jẹ́ ẹ, ọba ń jẹ́ ẹ.

Irú orúkọ báyìí pọ̀ ní Írẹ́lándì. Ọba ńlá méjì ló jẹ́ Máel Sechnaill, ọ̀kan kú ní 862, èkejì ní 1022. Malachy mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Armagh tó kú ní 1148, Máel Máedóc ni wọ́n ń pè é nílé. Orúkọ wòlíì Málákì ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀.

Skọ́tlándì ló wá gba Máel Coluim mọ́wọ́ jù. Ọba mẹ́rin ló jẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta, tó jọba láti 1058 sí 1093, lókìkí jù: Macbeth ló gbàjọba lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Duncan, tó kú sógun ní 1040. Ní 1057, ọmọ náà kógun lọ bá Macbeth, ẹ̀mí Macbeth sì lọ sí i. Canmore ni ìnagijẹ rẹ̀, ìyẹn orí ńlá. Afárí tó tún jẹ́ olórí ńlá!

Ní ti Malcolm X, Malcolm Little ni wọ́n bí i ní Omaha, Amẹ́ríkà, ní 1925. Ó bọ́ Little dànù torí pé orúkọ tí àwọn olówó ẹrú fi sílẹ̀ fún ìdílé rẹ̀ ni, ó fi X rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan Malcolm. Malik tó jẹ́ nígbà tó yá ni orúkọ Mùsùlùmí rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1964 ó dé Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí níbẹ̀ sì sọ ọ́ ní Ọmọwálé.

Ẹni tó bá ń wá èyí tó kúrú, Calum wà, ó wọ́pọ̀ ní Skọ́tlándì. Columba fúnra rẹ̀ nìyẹn, kò sí fífárí nínú rẹ̀.