Ẹ Bi Mí: Pásíwọ́ọ̀dù Tó Wà Lára Ògiri

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń bójú tó. Oríṣi jọ́nà mẹ́rin, ìyẹn ìwé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé, là ń sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Méjì kì í ṣí àfi nínú ọgbà wa. Àwọn méjì yòókù, pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Mo kọ ọ́ sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn oníjọ́nà tilẹ̀kùn mọ́ wa, wọ́n ní pásíwọ́ọ̀dù wa ti dé ìlú tí a ò mọ̀ rí. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ká lọ ṣe single sign-on, kí kálukú máa fi pásíwọ́ọ̀dù íméèlì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣí gbogbo jọ́nà. Ọ̀gá mi fárí gá, ó ní òun ò ní kó pásíwọ́ọ̀dù íméèlì òṣìṣẹ́ òun fún oníṣòwò òyìnbó. Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Àwọn tó ti kàwé jáde ńkọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, lọ ya bébà yẹn kúrò lára ògiri ná, ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ó ti ya? Ó dáa. Ọmọkùnrin yẹn ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò bá ọ̀gá rẹ wí. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù irú nǹkan báyìí ni kò yẹ kó jẹ́ ọ̀gá.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ ń kà mí mọ ìlàrí. Láyé àtijọ́, bí Aláàfin bá rán ìlàrí, ìránṣẹ́ ààfin, lọ sí ìlú kan, Baálẹ̀ ibẹ̀ kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ ààfin lọ́wọ́ rẹ̀. Orí tí wọ́n fá lápá kan yẹn ni yóò wò, yóò sì mọ ilé tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí rí. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tẹ jọ́nà, oníjọ́nà dá a padà sọ́dọ̀ yín pé kó lọ gba àmì wá. Ibi tí ẹ ti ń wọ íméèlì yín ni yóò ti kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ̀yin náà á wá kọ lẹ́tà kékeré kan, ẹ ó lu òǹtẹ̀ sí i, pé ẹni yín ni. Lẹ́tà yẹn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ oníjọ́nà. SAML ni wọ́n ń pe ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ọ́; ti 2.0 tí wọ́n ń lò kiri yìí ti wà láti 2005.

Ohun tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà náà ni kí o ṣọ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni" ti tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Ọjọ́ ìbí àti nọ́ḿbà fóònù kò kàn wọ́n, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ máa pín in kiri.

Àwọn méjì tó ń ṣí nínú ọgbà nìkan, nọ́ḿbà íntánẹ́ẹ̀tì ọgbà yín ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀. Ọmọ tó ń fi dátà fóònù kàwé ládùúgbò Under G lóru, ibo ló ti fẹ́ rí nọ́ḿbà yẹn?

Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Bí íméèlì yín bá wà lọ́dọ̀ Google Workspace, SAML ti wà nínú rẹ̀. Kí o kàn béèrè lọ́wọ́ oníjọ́nà kọ̀ọ̀kan bóyá ó máa bá yín so ó ní tààrà, nítorí àwọn kan fẹ́ kí ẹ gba ọ̀dọ̀ alágbàṣe bí OpenAthens, ìyẹn sì ń gbowó. Wọ́n á béèrè metadata. Fáìlì lásán ni: orúkọ yín, àdírẹ́sì tí ẹ ti ń wọlé, àti ohun tí wọ́n máa fi dá òǹtẹ̀ yín mọ̀.

Òǹtẹ̀ yẹn máa ń kú. Ti Google, ọdún márùn-ún ni. Kọ ọjọ́ náà sí kàlẹ́ńdà ẹni méjì, torí ẹnì kan lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, sáfà tiwa, ìyẹn kọ̀ǹpútà àpapọ̀ ilé iṣẹ́, la fi ń kọ lẹ́tà. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó rí jọ́nà kankan ṣí. Pásíwọ́ọ̀dù tọ̀nà, òǹtẹ̀ tọ̀nà. A wá a títí di ìrọ̀lẹ́ kí n tó ṣèèṣì wo aago sáfà, tí mo tún wo tọwọ́ mi: ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ti sáfà fi wà lẹ́yìn. Aago sáfà ni wọ́n fi ń kọ àkókò sínú lẹ́tà, ẹ̀mí lẹ́tà yẹn kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kó tó dé ọ̀dọ̀ oníjọ́nà ló ti kú. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ti rẹ̀. Tàkíe ni mo ti lọ ra òmíràn, pẹ̀lú ìbínú.

Ní ti àwọn tó ti jáde, ibì kan ṣoṣo lo ti máa yọ orúkọ wọn, gbogbo ilẹ̀kùn á sì tì. Bí ẹ bá ń fi íméèlì sílẹ̀ fún wọn, kó wọn sọ́tọ̀, kí ẹ má sì kọ lẹ́tà fún wọn mọ́. Àdéhùn jọ́nà kì í sábà kàn wọ́n.

Jọ́nà kan péré ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, má sì tíì jẹ́ kí wọ́n pa ti nọ́ḿbà ọgbà. Pa Wi-Fi fóònù rẹ, tan dátà, jáde sí ẹnu géètì, kí o wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá ṣí, pe ọ̀gá rẹ kó wá tẹ tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ kọ pásíwọ́ọ̀dù, ní kó kọ́kọ́ ka àdírẹ́sì tó wà lókè síta: ti íméèlì yín ni yóò rí níbẹ̀, kì í ṣe ti oníjọ́nà.