Níbo ni àmì yẹn ti ń kà, kí ló sì fi sílẹ̀?

Ẹ béèrè pé ṣé ẹni tó bá ti mọ sol-fa (dó, ré, mí) àti àmì orin orí ìlà márùn-ún ò ní tètè gbọ́ shorthand, ìyẹn ìkọ̀wé àyára-kọ, àti àmì tí àwọn tó ń ta chess fi ń kọ eré wọn sílẹ̀, àti pé èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ mú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti kọ́ gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí kò dójú tì mí rí. Àmì tí ẹ bá mọ̀ nínú ọ̀kan ò wúlò fún yín nínú èkejì. Ìbéèrè méjì péré ló bá mi dé ibi gbogbo, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n bi.

Shorthand ló kọ́kọ́ fojú mi gbolẹ̀. Ti Isaac Pitman ni mo kọ́, èyí tó gbé jáde ní 1837. Ìlà tín-ín-rín kan ni p. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ mọ́ ìlà kan náà kó nípọn, ó di b. Bẹ́ẹ̀ náà ni t àti d, k àti g, f àti v. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀, báírò ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, bákan náà ni ìlà báírò ń rí. N ò fura, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dún létí mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tó béèrè àkọsílẹ̀ náà. Mo ṣí ìwé, n ò mọ p yàtọ̀ sí b mọ́.

Ti fáwẹ̀lì ló tiẹ̀ burú jù. Dọ́ọ̀tì àti ìlà bíńtín ni Pitman fi ń kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ńlá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti yá kì í sábà kọ wọ́n. Èmi tí ọwọ́ mi ò tíì yá náà ò kọ wọ́n, ìgbéraga ni. Ẹ rò ó bí ìgbà tí èèyàn kọ "igba" láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ á mọ̀ bóyá igbá ni, ìgbà ni, ìgbá ni, àbí 200. Ẹni tó ti gbàgbé, ó tán fún un. Ìdajì ohun tí mo kó fún wọn lọ́jọ́ náà, àbá ni. Ẹnì kan níbẹ̀ rọra bi mí pé ìpàdé wo gan-an ni mo lọ.

Mo sá lọ sí shorthand ti Gregg, ti 1888, torí gígùn ló fi ń ya àmì sọ́tọ̀, kì í ṣe nínípọn: ìlà kúkúrú ni t, èyí tó gùn ni d. Báírò bá a mu. Àmọ́ bí mo bá ti ń kánjú, ìlà mi a máa gùn fúnra rẹ̀, gbogbo t a sì di d.

Ìbéèrè kìíní nìyẹn: kí ni àmì yìí fi sílẹ̀, tó ní kí n máa rántí fúnra mi? Gbogbo wọn ló ń fi nǹkan sílẹ̀. H₂O làwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń kọ, ì báà jẹ́ omi tútù, ì báà jẹ́ yìnyín.

Inú chess ni mo ti rí èkejì. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lóde òní ni mo mọ̀, níbi tí ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó ti ní orúkọ kan ṣoṣo: e4 jẹ́ e4 fún ẹni tó ń ta funfun àti ẹni tó ń ta dúdú. Ìwé àtijọ́ kan wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, èyí tí orúkọ ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì: ibi tí funfun ń pè ní K4 (ojú kẹrin ní ìlà ọba), K5 ni dúdú ń pè é, torí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni kálukú ti ń kà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ka ti dúdú láti ọ̀dọ̀ funfun, tí mo ń bú ẹni tó tẹ ìwé. Láti 1981 ni FIDE, àjọ chess àgbáyé, ti sọ pé ọ̀nà e4 nìkan làwọn mọ̀, nítorí náà bí ìwé yín bá ti dàgbà jùyẹn lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé irú àṣìṣe yẹn náà ni mo ti ṣe ṣáájú nínú ẹgbẹ́ akọrin. Sol-fa ni mo bá wọ ibẹ̀, dó inú rẹ̀ sì ń ṣí kiri: ibi tí ẹ bá fi orin sí ló ń jókòó. Wọ́n gbé ìlà márùn-ún fún mi, sharp kan (àmì ♯) wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé dó ti bọ́ sórí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀. Èmi ṣì ń kọ ọ́ láti ibi tó wà nínú orin àná. Ọ̀gá akọrin dá wa dúró, ó sì mọ ẹni tó ń wò. Torí náà, kí ẹ tó ka àmì kankan sórí, ẹ bi í pé níbo ló ti ń kà: ṣé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ni, bíi sol-fa àti K4, àbí láti ara pátákó fúnra rẹ̀, bíi ìlà márùn-ún àti e4?

Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní sol-fa kò ju ti ọmọdé lọ. Bí orin bá ga jù fún tẹ́nọ̀, ẹ yí key tó wà lókè ìwé padà, ó parí. Lórí ìlà márùn-ún, ẹ máa tún gbogbo rẹ̀ kọ ni. Orin dùrù tí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń tẹ̀ ni mi ò ní fi sol-fa kọ láéláé.

Èyí tí ẹ máa lò lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ Pitman, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tú ohun tí ẹ kọ sínú ọ̀rọ̀ gidi kí oorun ọjọ́ náà tó gbé yín lọ.