Bí mo ṣe sọ kílò 39 kalẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́

Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n pè yín bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ọdún 53 ni mí. Ẹ ní ẹ ti pé 46, ẹ wọn kílò 112, orúnkún ń dùn yín, wọ́n dárúkọ abẹ́rẹ́ tó ń mú ara fọn fún yín, ẹ gbọ́ iye rẹ̀, ẹ sì dákẹ́. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹnì kan wà tó ti ṣe é láìlo oògùn lẹ́yìn ogójì ọdún, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Èmi rèé. Ọmọ ọdún 48 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kílò 118 ni mo wọn. Oṣù 27 ló gbà mí kí n tó dé 79. Láti ìgbà náà títí dòní, àárín 78 sí 82 ni mò ń bá a yí. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín o: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, mo sì ń lò ó. Ti ìsanra ni mi ò lò.

Aláṣọ ni mí, ní Gbági Tuntun n'Íbàdàn. Aṣọ ẹbí ni mò ń tà jù. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ bí a ṣe ń jókòó. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orí àga ni mo wà. Ọmọ iṣẹ́ ló ń gun àpótí lọ fa aṣọ yọ lókè, èmi kàn ń nàka ni. Gbogbo ohun tó ṣeé jẹ ló sì ń kọjá níwájú ìsọ̀ wa.

Kí n tó rí ọ̀nà, mo kọ́kọ́ ṣìnà. Ẹnì kan gbé tíì kan wá sọ́jà, ó ní ọjọ́ 10 péré ni yóò fi fọ gbogbo ọ̀rá inú mi dànù. Ewé sẹ́nà ló wà nínú rẹ̀, ewé tó ń múni yàgbẹ́ gbuuru. Mo yàgbẹ́ títí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo ti fi kílò 5 dín, inú mi ń dùn, mo dìde láti wọn yáàdì fún oníbàárà, ilẹ̀ bá yí mọ́ mi lójú. Orí ìdì àńkárá ni mo ṣubú lé. Ọlọ́run ló yọ mí, torí síméńtì gbígbẹ ló wà lápá kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dá tíì náà dúró tí kílò márààrún fi padà sílé. Omi ni mo ti ń dà nù, ọ̀rá ò tiẹ̀ mira.

Dókítà obìnrin kan níbi tí mo ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló là mí lọ́yẹ̀. Kò bú mi. Ó ní kí n lọ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu mi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, tó fi mọ́ èyí tí mo tọ́ wò nídìí ààrò. Ẹ̀yìn ìwé gbèsè ni mo kọ ọ́ sí, ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó aṣọ. Èmi tí mo lè wo ìdì léèsì lókèèrè kí n sọ iye yáàdì tó kù nínú rẹ̀, nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́ keje, ojú tì mí. Àmàlà tí gbogbo ayé ń fẹ̀sùn kàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni lóòjọ́. Àwọn tó wà láàárín ló pọ̀: bọ́ǹsì méjì àti mọ́ọ̀tì tútù ní aago mẹ́wàá, ẹ̀pà sísun láti ọ̀sán lọ, mínírà nígbà tí oòrùn bá mú, mínírà mìíràn nígbà tí oníbàárà pàtàkì bá dé tí mo sì ní láti bá a mu, ẹran méjì tí mo mú jẹ kí n tó bu oúnjẹ ẹnikẹ́ni, àti àjẹkù àwọn ọmọ, torí mi ò lè máa wo oúnjẹ kó ṣòfò.

Ọmọ mi obìnrin ló yí ìgò mínírà náà sẹ́yìn, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgò 50cl, ṣúgà inú rẹ̀ lé ní gíráàmù 50. Ó gbé agolo ṣúgà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi ṣíbí tíì bù ú sínú ife òfìfo, ó ń kà á sókè bí ẹni ń ka owó, èmi ń wò ó. Ó dé 13 kó tó dúró. Méjì irú rẹ̀ ni mò ń mu lóòjọ́, a ò tíì ka mọ́ọ̀tì mọ́ ọn.

Ti epo ló wá bà mí lẹ́rù jù. Ojú ni ìyá mi fi kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè, a kì í wọn epo nílé wa. Lọ́jọ́ náà mo da iye tó máa ń tó mi sínú ife kí n tó dà á síkòkò. Ife kún dé ẹnu. Ife yẹn gba bíi ṣíbí ìjẹun 16 tàbí 17, ṣíbí kan sì tó kálórì 120 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ). Ìkòkò ẹ̀fọ́ kan, èmi àti bàbá àwọn ọmọ, ọjọ́ méjì: nǹkan bíi kálórì 2,000 látinú epo nìkan, kí a tó ka ẹran àti òkèlè. Ṣíbí mẹ́rin ni mo fi ń se ìkòkò kan náà báyìí. Bàbá àwọn ọmọ ní ọbẹ̀ aláìsàn ni mò ń gbé wá fún òun. Irú wooro àti ẹja gbígbẹ ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì kò sọ ọ́ mọ́.

Ohun tí mo yí padà nínú oúnjẹ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Mínírà àti mọ́ọ̀tì kúrò pátápátá, omi tútù ló dípò wọn. Mo fi agolo mílíìkì wọn gaàrí àti èlùbọ́ mi, mi ò fojú díwọ̀n ún mọ́. Ẹ̀fọ́ ló ń pọ̀ nínú àwo, ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, torí ẹni tó bá jẹ wọ́n kì í tètè wá bọ́ǹsì kiri. Dókítà ní kílò ọ̀rá kan tó bíi kálórì 7,700. Mo ṣírò rẹ̀ bíi ti ọjà: tí mo bá ń yọ 400 lóòjọ́, kílò kan á lọ ní bíi ọjọ́ 19. Kò jọ nǹkan kan létí. Ṣùgbọ́n alájọ ń gba owó lọ́wọ́ mi ní ìsọ̀ lójoojúmọ́, mo mọ ohun tí owó kékeré ń dà ní ìparí oṣù.

Wọ́n á ti sọ fún yín pé ara obìnrin kì í jó oúnjẹ mọ́ tó bá ti kọjá 40. Èmi náà gbà á gbọ́. Lọ́dún 2021, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Herman Pontzer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, lórí àwọn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29. Tí wọ́n bá ti yọ ti bí ara oníkálukú ṣe tóbi tó kúrò, agbára tí ara ń ná lóòjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ẹni 20 ọdún títí dé ẹni 60. Nígbà tí ọmọ mi kà á fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó yí padà ní tèmi ni pé mo ti di ọ̀gá, mo ti ní ẹni tí mo lè rán. Nígbà tí mo wà ní 25, èmi ni mò ń ru ìdì aṣọ. Ti nǹkan oṣù tó ń dúró lọ ni mi ò ní fojú kéré o. Ooru ń mú mi lóru, mi ò rí oorun sùn, ọjọ́ tí mi ò bá sùn ni ẹnu mi máa ń wá ohun dídùn kiri.

Dókítà náà ò sì jẹ́ kí n máa dárúkọ kílò 40. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, lórí àwọn tó lé ní 3,000 tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè, ọ̀pọ̀ wọn bí ẹni àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní kí apá kan dín ìwọ̀n wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà mú láàárín wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo. Láàárín àwọn tó ń lo metformin, ìyẹn oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ìdá 31 ni. Ìdá 7 nínú 118, kílò 8 péré. Òun nìkan ni mo gbájú mọ́ fún oṣù márùn-ún. Nígbà tí mo dé 110 ni mo tó bèèrè èyí tó kàn.

Ìrìn ni eré ìdárayá mi. Mi ò lè sáré, orúnkún ò gbà. Mo máa ń sọ̀ nínú Micra kí n tó dé ọjà, màá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọjọ́ kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni, mo sì jókòó lẹ́ẹ̀mejì níwájú ìsọ̀ onísọ̀. Ó di 40 nígbà tó yá. Mo fi kéègì omi onílítà márùn-ún méjì kún un, mò ń gbé wọn sókè sódò kí n tó wẹ̀, mo sì ń dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í. Ẹ má fo eléyìí. Ẹni tó bá ń fọn láìlo iṣan rẹ̀, iṣan ń bá ọ̀rá lọ ni.

Oúnjẹ kọ́ ló wá le jù. Ènìyàn ni.

Ẹni tó ń ta aṣọ ẹbí, gbogbo oníbàárà ló ń pè é sí ìnáwó. Bí mi ò bá lọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n á ti ra èyí tó ń bọ̀. Sátidé kan, ìnáwó mẹ́ta. Mo ń jẹ ẹ̀wà yó nílé kí n tó wé gèlè. Tí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá, màá jẹ ẹran rẹ̀ àti ṣíbí mẹ́ta, màá bọ́ sójú agbo lọ jó. Èyí tí wọ́n bá dì fún mi lọ́ra, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mo dúpẹ́, ọlọ́kọ̀ tó gbé mi lọ sílé ló ń jẹ ẹ́. Awakọ̀ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi láti Ọjọ́rú pé ṣé a máa lọ síbì kan ní Sátidé.

Nígbà tí mo dé 95, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: ẹni tó bá sanra ló ń gbádùn, ẹni tó bá rù, ọkọ ò tọ́jú rẹ̀ tàbí àìsàn ń bá a jà. "Ìyá Aláṣọ, ṣé kò sí o?" Mo gbọ́ ọ títí ó sú mi. Ìyá ọkọ mi pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó ní kó má fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Èyí tó dùn mí jù ni ti oníbàárà kan tí mo ti ń tà fún láti ọdún mẹ́jọ. Ó ti san àsansílẹ̀ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó wá gba owó náà padà. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọmọ iṣẹ́ mi ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: ó ní òun ò fẹ́ kí owó òun há sọ́wọ́ òkú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kí n má tàn yín. Lálẹ́, mo rán ọmọ ní bọ́ǹsì mẹ́rin, mo jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè.

Ẹ mọ̀ pé yóò dúró níbì kan. Tèmi dúró ní 96, ọ̀sẹ̀ 11 gbáko. Mo tún padà sídìí ìwé, mo rí i pé ẹ̀pà ti yọ́ wọlé: ẹ̀kún ọwọ́ kan nígbà tí mo bá ń ka owó, ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ́nà ilé. Ara tó kéré sí i náà kì í jẹ tó ti tẹ́lẹ̀, mo ní láti dín àmàlà kù sí i. Irun mi já gidi lóṣù kẹrin, ó padà hù. Awọ abẹ́ apá mi rọ̀, kò ní padà, búbà ń bá mi bò ó.

Ti oògùn yín, tí ẹ bá ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń fọn ni òòyì ń kọ́ mi tí mo bá dìde lójijì, àṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti ń lọ sílẹ̀ jù, oògùn náà ti pọ̀ fún mi. Dókítà ló dín in kù. Ẹ má fọwọ́ ara yín dín in.

Ẹ tún bèèrè bóyá mo ṣì ń jẹ iyán. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́, òkèlè méje. Mo kà wọ́n.