Ṣé Rélùwéè Lè Jẹ́ Dókítà Ẹgbẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì márùn-ún. Ìtura, tó máa ń di rélùwéè, ni dókítà wọn. Ó ń tọ́jú àwọn róbọ́ọ̀tì yòókù, ó sì ń tọ́jú ènìyàn náà. Ọ̀rẹ́ mi ní áńbúláǹsì ló yẹ kó máa dà, pé rélùwéè kò lè kúrò lójú irin. Ṣé kí n yí i padà? Mo fi orí kẹta ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má yí i padà o. Láti ọdún 1991 ni Lifeline Express, rélùwéè tó jẹ́ ilé ìwòsàn, ti ń rìn káàkiri ilẹ̀ Íńdíà, tòun ti yàrá iṣẹ́ abẹ nínú kóòṣì rẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú níbẹ̀, wọ́n sì ń rán ètè tó là. Nígbà kòrónà, ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ilẹ̀ Faransé gbé aláìsàn 20 sínú TGV kan, ìyẹn rélùwéè wọn tó ń sáré gan-an, ní ìlú Strasbourg, ó sì kó wọn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn apá ìwọ̀-oòrùn tí àyè ṣì wà. Áńbúláǹsì wo ló lè kó ogún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan?

Ibòmíràn ni ìtàn rẹ ti kọ mí lóminú. Bí Ìtura bá dìde dúró di róbọ́ọ̀tì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀? O kò sọ, òǹkàwé á sì béèrè. Jẹ́ kó jẹ́ pé orí rélùwéè, ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, nìkan ló ń yí padà. Kó já àwọn kóòṣì sílẹ̀ lójú irin, kí wọ́n dúró bí ilé ìwòsàn, kí òun wá fi ẹsẹ̀ rìn lọ gbé ẹni tó ṣubú wá. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tán síbẹ̀. Lifeline Express pàápàá, ìgbà tó bá dúró sí ibùdókọ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má sọ ìṣòro ojú irin nù. Rélùwéè tó ń sáré 300 kìlómítà ní wákàtí kan máa ń lọ tó kìlómítà mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì kó tó dúró. Jẹ́ kí Ìtura rí ẹni tó fara pa lẹ́bàá ọ̀nà, kó tẹ bíréèkì, kó sì máa wò ó bí òun ṣe ń kọjá rẹ̀ lọ. Ojú ìwé yẹn ni mo fẹ́ kà jù.

Orí kẹta ńkọ́? Ọ̀gá ẹgbẹ́ ni Ìtura kọ́kọ́ sáré lọ bá, torí pé òun ni ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ apá rẹ̀ kan ṣoṣo ló já. Èyí tó kéré jù láàárín wọn dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iná àyà rẹ̀ sì ti ń kú lọ. Dominique-Jean Larrey, dókítà ọmọ ogun Napoleon, olú-ọba ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ le jù ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú, ipò yòówù kó wà. Ẹni tó ń pariwo ṣì lágbára tó lè fi pariwo. Ẹni tó dákẹ́ ni kí dókítà tètè yẹ̀ wò. Tún ibẹ̀ kọ. Jẹ́ kí inú bí ọ̀gá, kó pàṣẹ, kí Ìtura má sì gbọ́. Bó o bá ti parí rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá sọ nígbà tó kàn án.