Ta Ló Ṣe Ẹ́ńjìnnì Aago Bàbá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa máa pé 70 lóṣù Disẹ́ńbà, àwa ọmọ sì ti dáwó jọ láti ra aago ọwọ́ gidi fún wọn, èyí tí kì í lo bátìrì. Mo ti rí ọ̀kan tó wù mí, àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá yarí, ó ní ẹ́ńjìnnì ETA ló wà nínú ẹ̀, pé kọ́ńpìnnì yẹn kọ́ ló ṣe é, wọ́n kàn rà á ni wọ́n kọ orúkọ tiwọn sí i lára, pé gbájúẹ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni? – Ọmọ Bàbá Tíṣà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọmọ Bàbá Tíṣà, ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀mí Bàbá á gùn. Àbúrò yín ò parọ́, ibi tó ti pè é ní gbájúẹ̀ ni mi ò ti bá a lọ. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ ẹ kúkú mọ iyán, tẹ́ ẹ bá dé búkà tí iyán ẹ̀ funfun tí ò ní kókó, ṣé ẹ máa ń bi ìyá oníyán pé oko ta ni iṣu ti wá kẹ́ ẹ tó bu òkèlè?

ETA yìí, ilé iṣẹ́ kan ni ní Switzerland, abẹ́ Swatch Group ló wà, ẹ́ńjìnnì aago ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni 2824, ọ̀tòmátíìkì ni, ìyẹn ni pé bí ọwọ́ ẹni ṣe ń jù ló ń wáíńdì ẹ̀, ó ń lù ní ìgbà 28,800 láàárín wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ sílẹ̀ á ṣì ṣiṣẹ́ tó nǹkan bíi wákàtí 38 kó tó dúró. Rolex gan-an tí gbogbo wa ń fẹnu pọ́n yìí, aago Daytona wọn láti 1988 títí di 2000, ẹ́ńjìnnì El Primero tí Zenith, kọ́ńpìnnì aago mìíràn, ṣe ló wà nínú ẹ̀, wọ́n tún un ṣe dáadáa o, torí 36,000 ni El Primero ń lù láàárín wákàtí, Rolex dín in kù sí 28,800, àmọ́ ilé Zenith náà ló ti wá. Lónìí àwọn tó ń kó aago jọ ń fi owó ńlá wá Daytona ìgbà yẹn kiri! Aago Royal Oak tí kọ́ńpìnnì Audemars Piguet gbé jáde ní 1972 ńkọ́, kọ́ńpìnnì mìíràn, Jaeger-LeCoultre, ló ṣe ìpìlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ìpìlẹ̀ yẹn náà ni kọ́ńpìnnì Patek Philippe sì lò nínú aago Nautilus wọn ní 1976.

Ẹ wá wo Seiko 5 tó wà lọ́wọ́ àwọn bàbá wa o, Seiko fúnra ẹ̀ ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì sún mọ́ tàwọn tí mo kà yìí rárá. Torí náà pé wọ́n ṣe é nílé ara wọn, ìyẹn nìkan ò sọ aago di olówó ńlá.

Ojú tèmi ti rí i. Aago méjì ni mo ní, ọ̀kan jẹ́ èyí tí kọ́ńpìnnì ẹ̀ ń fi ẹ́ńjìnnì ara ẹ̀ yangàn (mi ò ní dárúkọ), nígbà tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó ní pááàtì ẹ̀ nílẹ̀ yìí, a fi ránṣẹ́ sókè òkun, oṣù méje gbáko kó tó padà. Èkejì ni mo gbé lọ bá bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Òkèṣà, l'Ádó níbí, bàbá ki awò kékeré bọ ojú kan, wọ́n ṣí ẹ̀yìn aago, wọ́n ní kí n wo abẹ́ rìmù kékeré tó ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì yẹn, mo wò ó, “ETA 2824-2” ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà gàdàgbà lórí irin tó ń yí lókè. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní “Ẹni mi nìyí.” Ọjọ́ kẹrin ni mo lọ gbà á.

Ibi tí mo ti máa gbè sẹ́yìn àbúrò yín ni ti owó. ETA 2824 yẹn, ipele mẹ́rin ni wọ́n ń tà á, èyí tó kéré jù ni Standard, lẹ́yìn ẹ̀ Elaboré, Top, kó tó kan Chronometer tó ń pé àsìkò jù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé èwo ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Standard tí wọ́n sì bu owó gọbọi lé e, ẹ wábòmíì lọ. Tó bá jẹ́ Top tówó ẹ̀ sì bójú mu, ẹ rà á fún Bàbá, wọ́n á rẹ́ni tún un ṣe fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n, Seiko 5 bàbá àgbà mi ló wà lọ́wọ́ mi, tí mi ò bá ti wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì ó máa ń dúró. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? – Adé, Ìjerò-Èkìtì

Kò bàjẹ́ o jàre. Bí ọwọ́ yín ṣe ń jù ló ń fún sípírìǹgì inú ẹ̀, tí kò bá sọ́wọ́ yín agbára á tán. Ẹ má wulẹ̀ máa yí orí ẹ̀ kó lè wáíńdì, ọ̀pọ̀ Seiko 5 àtijọ́ kì í gba ìyẹn, ẹ kàn mì ín jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún sósì fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, tún àsìkò ẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́.